Ẹ̀sùn Tó Wà Lórí Tíì Hisano

Kẹ́tùlù Màmá Hisano ni wọ́n kọ́kọ́ rí. Ó dojú dé sínú kòtò omi lẹ́bàá ọ̀nà, ihò mẹ́ta sì wà nídìí rẹ̀. Ẹni tó dá a lu kò kánjú, nítorí ihò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tò tẹ̀léra bí ojú abẹ́rẹ́ lára aṣọ. Lórí òkúta àbáwọlé ilé Màmá Hisano, ẹnì kan ti da iyọ̀ sílẹ̀ gègèrè, irú iyọ̀ tí àwọn ará abúlé Kuwazawa máa ń wọ́n sára bí wọ́n bá ti ibi ìsìnkú dé. Abẹ́ iyọ̀ náà ni ìwé wà.

"Tíì rẹ ti pa ẹnì kan. Àwọn méjì wà lórí ìdùbúlẹ̀. Mélòó lo tún fẹ́ pa?"

Katsumata Tomie ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì, ó sì gbé e sí imú. Ó ti lé ní ogún ọdún tí Tomie ti ń ṣe iṣẹ́ ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ní ìlú tó wà nísàlẹ̀ òkè. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí olè bá jí ẹyin, Tomie á kọ́kọ́ bi adìẹ léèrè ohun tó jẹ lánàá.

"Kí ló ń rùn níbẹ̀?" Narita, ọlọ́pàá abúlé, ló béèrè. Òun àti Tomie jọ kọ́ iṣẹ́ ọlọ́pàá lọ́dún kan náà ni.

"Ìwé yìí ò rùn. Ìwọ lò ń rùn. Sìgá."

"Ẹyọ kan péré ni mo mu láàárọ̀."

"Ẹyọ kan náà ló sì mu ẹ̀wù rẹ."

Màmá Hisano ti jáde pẹ̀lú ìgbálẹ̀ àti abọ́. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ń kó iyọ̀ náà sínú abọ́ díẹ̀díẹ̀.

"Màmá, ẹ dúró ná," Tomie wí. "Ẹ̀rí ni."

"Ẹ̀rí wo? Iyọ̀ gidi ni. Ẹni tó dà á ò ṣahun. Màá fi tọ́jú ewébẹ̀ sínú ìkòkò." Ó fún Tomie ní ẹ̀kúnwọ́ kan. "Gba tìẹ. Èyí tó kù, tèmi ni."

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Màmá Hisano ti ń se tíì fún àwọn òṣìṣẹ́ ilé tí wọ́n ti ń yan ewé tíì ní abúlé náà, láago mẹ́wàá àárọ̀ àti láago mẹ́ta ọ̀sán. Omi kànga ẹ̀yìn ilé rẹ̀ ló fi ń sè é, ewé inú oko ara rẹ̀ ló sì ń lò. Nígbà òtútù tó kọjá, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Masuda kú. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n gbé Oishi lọ sílé ìwòsàn. Lẹ́yìn Oishi ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún Nagakura. Àìsàn kan náà ló mú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà ló sì ń mu tíì arúgbó yìí ju gbogbo èèyàn lọ. Ẹnu bẹ̀rẹ̀ sí í kùn ún. Ní báyìí, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó ni ilé iṣẹ́ náà ti fi ìpàdé sí ọjọ́ Ẹtì láti pinnu bóyá kó má wá mọ́. Ọjọ́rú ni Tomie gun òkè wá.

"Màmá, bí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ sinmi, ṣé kò tó àkókò?" Narita béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ ti dàgbà."

"Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin ni mí, mi ò sì ní kí iṣẹ́ má bọ́ lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kí n má wá mọ́, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé èmi ni mo pa Masuda. Orúkọ yẹn ni wọ́n á fi sin mí." Ó na ẹ̀yìn rẹ̀. "Ìwọ ọmọbìnrin yìí, wọ́n ní o gbọ́n. Wá bá mi wádìí ẹ̀. Bó bá jẹ́ pé tíì mi ni lóòótọ́, kọ́kọ́ wá sọ fún mi kó o tó sọ fún wọn."

Tomie ní òun á ṣe bẹ́ẹ̀.

*

Dókítà Oikawa ló ní ilé ìwòsàn kékeré tó wà ní abúlé náà. Ó gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ Tomie tán, ó sì mi orí.

"Bí ẹni tó ní jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀ bá jókòó síwájú mi, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí mo máa bi í ni pé, ṣé ó ń mu sìgá? Májèlé inú èéfín á gba inú ẹ̀dọ̀fóró wọnú ẹ̀jẹ̀. Kíndìnrín á sẹ́ ẹ jáde kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, ó di inú àpò ìtọ̀. Ibẹ̀ ni yóò jókòó sí títí ẹni náà fi máa tọ̀. Ojoojúmọ́, fún ogún ọdún, ọgbọ̀n ọdún. Èèyàn rò pé ẹ̀dọ̀fóró nìkan ni sìgá ń jẹ."

"Tíì wá ńkọ́?"

"Àwọn tó ń wádìí ṣì ń jiyàn. Àwọn kan ní tíì aláwọ̀ ewé ń ṣe ara lóore, àwọn kan ní àwọn ò rí nǹkan kan. Èmi ò tíì rí ẹni tó fi hàn mí pé ó ń pa èèyàn."

"Omi kànga?"

"Wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì. Ó mọ́ ju ti ilé mi lọ."

"Oògùn kòkòrò tí wọ́n ń fín sí ewé?"

"Àwọn obìnrin tó ń já ewé ni ì bá kọ́kọ́ mú. Ara wọn le, wọ́n ń bí mi nínú, wọn kì í wá síbí." Dókítà fa dúrọ́ọ̀ ṣí, ó kó ìdìpọ̀ fọ́ọ̀mù jáde. "Wo èyí. Ọdún márùn-ún sẹ́yìn, ẹ̀ka ìlera ní kí gbogbo òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ tíì kọ bí wọ́n ṣe ń gbé ayé wọn. Ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi kọ ọ́. Ká ní àwọn mẹ́ta yẹn jẹ́ amusìgá ni, èmi ì bá ti máa sùn dáadáa."

Tomie to àwọn fọ́ọ̀mù náà sórí tábìlì. Masuda: ife tíì méjìdínlógún lójúmọ́; sìgá, mi ò mu ún rí. Oishi: ogún ife, sìgá, mi ò mu ún rí. Nagakura: ife mẹ́rìndínlógún, sìgá, mi ò mu ún rí. Àwọn òṣìṣẹ́ yòókù ń mu ife mẹ́rin, márùn-ún, mẹ́fà. Ìṣirò náà dà bí ohun tó dájú: ẹni tó mu púpọ̀ ló ṣàìsàn.

Ó wá rí fọ́ọ̀mù kẹrin. Ife méjìlélógún. Sìgá, mi ò mu ún rí.

"Ta ni Sugiyama?"

"Olórí àwọn tó ń yan ewé. Ewé kankan kì í kúrò ní Kuwazawa láìjẹ́ pé imú rẹ̀ kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀."

"Ṣé ara òun le?"

"Mi ò mọ̀," dókítà wí. "Kò wá síbí rí."

*

Lẹ́nu ọ̀nà ilé iṣẹ́ tíì, obìnrin kan tó ń jẹ́ Fumi dá Tomie àti Narita dúró. Òun ni olórí àwọn obìnrin mọ́kànlá tó ń ṣa igi àti ewé gbígbó kúrò nínú tíì. Ó sún mọ́ Tomie, ó gbóòórùn ọrùn rẹ̀ láìtijú.

"Ọṣẹ lásán. Ẹ wọlé." Ó yíjú sí Narita. "Ìwọ, padà."

"Ọlọ́pàá ni mí, Fumi."

"Mo mọ̀ ọ́ láti kékeré, mo sì mọ̀ pé o ń rùn. Ewé tíì kì í gbàgbé. Bó o bá dúró tì í fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹni tó bá mu ún lọ́dún tó ń bọ̀ á mọ irú sìgá tó o rà."

Lára ògiri, wọ́n ti fi lẹ́tà dúdú kọ òfin ilé náà sára pákó: kò gbọdọ̀ sí lọ́fínńdà, kò gbọdọ̀ sí aáyù, ẹni tó bá ń mu sìgá kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ewé. Narita ka pákó náà láti òde, ó kùn, ó sì lọ jókòó síbi tí wọ́n ń gbé kẹ̀kẹ́ sí.

Tomie bi àwọn obìnrin náà léèrè lórí tíì Màmá Hisano.

"Kẹ́tùlù kan náà ni gbogbo wa ń mu," Fumi dáhùn. "Kò sí nǹkan kan tó ṣe àwa."

"Bí àwa bá mu ife kan, àwọn á ti mu mẹ́rin," obìnrin mìíràn wí. "Ẹ̀yin ò rí wọn ni. Bí ẹni tó ń paná ni."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì kú kíá, nítorí wọ́n rántí Masuda.

"Ní báyìí, ta ló ṣì ń mu ún?"

"Kò sí. Ẹ̀rù ń bà wá." Fumi rẹ ohùn sílẹ̀. "Màmá yẹn ló gbé mi pọ̀n nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Mi ò lè wo ojú rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n mo ní ọmọ nílé."

Sugiyama wà nídìí ẹ̀rọ, ó kó ewé gbígbóná sínú àtẹ́lẹwọ́, ó di ojú, ó ń fa òórùn rẹ̀ símú. Ó tó ẹni ọgọ́ta ọdún ó lé díẹ̀, ó gbẹ bí igi, aṣọ rẹ̀ mọ́ nigín-nigín.

"Ẹja yíyan lẹ jẹ láàárọ̀," ó wí láìlajú. "Ọkọ̀ tó gbé yín wá ti gbó."

"Ọ̀gá Sugiyama, mo fẹ́ béèrè nípa àwọn ọ̀rẹ́ yín mẹ́ta."

"Ọ̀rẹ́ mi ni wọ́n lóòótọ́."

"Ṣé tíì ló pa Masuda?"

"Mi ò lè sọ pé òun ni. Mi ò lè sọ pé òun kọ́. Ẹ wo kànga yẹn dáadáa."

"Wọ́n ti wò ó."

"Ẹ tún un wò."

Ó gbé fúláàsì kan, ó bu tíì sínú ife, ó fi yọ ẹnu, ó gbé e mì. Ó bu òmíràn. Ó tún bu òmíràn.

"Tíì ta nìyẹn?"

"Ti Hisano. Mo lọ bù ú nílé rẹ̀."

"Ẹ̀rù ò bà yín?"

Ọkùnrin náà dé fúláàsì rẹ̀, ó wo aago ara ògiri. Aago mẹ́wàá ti lù. "Ọwọ́ rẹ̀ dára," ó wí. "Ẹ má bínú, mo fẹ́ lọ wo fáànù inú oko."

Ó bọ́ ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀ kọ́ sẹ́nu ọ̀nà, ó sì gba ẹ̀yìn ilé lọ sínú oko. Tomie dúró, ó ń wo ife tó ṣófo. Gbogbo abúlé ń sá fún tíì yìí. Ẹni tó mu ún jù lọ nínú gbogbo wọn ṣì ń lọ bù ú nílé, ó sì ń gbé e mì bí omi. Ó lè jẹ́ pé ọkàn rẹ̀ le. Ó sì lè jẹ́ pé ó mọ̀ pé tíì kò jẹ̀bi.

*

"Ibo la ń lọ?" Narita béèrè.

"Ilé Masuda."

"Kí ni ìyàwó rẹ̀ ṣe?"

Tomie tú iyọ̀ tí Màmá Hisano fún un sí àtẹ́lẹwọ́. "Iyọ̀ ilé ìdáná máa ń rí wúruwùru, ó sì máa ń rin. Èyí kúnná, ó gbẹ. Inú àpò pélébé tí wọ́n máa ń fún àwọn tó wá síbi ìsìnkú ló ti jáde. Àpò kan kò tó ṣíbí tíì kan. Ẹni tó da òkìtì yẹn sílẹ̀ ní ogún, ọgbọ̀n àpò. Ta ni irú ẹ̀ máa ń ṣẹ́kù sí lọ́wọ́?"

Narita ronú. "Ẹni tó sìnkú."

"Ẹni tó sìnkú, tí èèyàn ò sì wá tó bó ṣe rò."

Kiyoe, opó Masuda, kò jiyàn. Ó gbé tíì síwájú wọn, ó kúnlẹ̀ sórí ẹní, ó ní òun ni. Ìṣó àti òòlù ọkọ òun lòun fi lu kẹ́tùlù náà.

"Kí wọ́n mú mi lọ," ó wí. "Ṣùgbọ́n kí obìnrin yẹn má se tíì fún ẹnikẹ́ni mọ́. Ọkọ mi kò mu ọtí. Kò mu sìgá. Kí ló tún kù?"

"Ife mélòó ló ń mu nílé?"

"Kí ni?"

"Tíì. Nílé níbí, lọ́wọ́ yín."

Kiyoe wojú rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n bi ní ìbéèrè òmùgọ̀. "Ọ̀kan. Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́. Nígbà mìíràn kì í mu ún tán."

"Lọ́jọ́ ìsinmi ńkọ́?"

"Ọ̀kan náà ni. Ó ní òórùn tíì ti sú òun."

Tomie gbé ife tirẹ̀ sílẹ̀ jẹ́ẹ́. Ọkùnrin tí tíì ti sú, tó ń mu ọ̀kan nílé, tó ń mu mẹ́tàdínlógún níbi iṣẹ́. Kò nífẹ̀ẹ́ tíì, nígbà náà. Iṣẹ́ kan ló ń fi tíì ṣe.

"Ṣé ẹ ò ní mú mi ni?" Kiyoe béèrè.

"Ẹ ra kẹ́tùlù tuntun fún un," Tomie wí. "Kí ẹ sì wá sípàdé ọjọ́ Ẹtì."

*

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, Màmá Hisano ń fọ ewébẹ̀ nídìí kànga. Tomie jókòó tì í.

"Màmá, ẹ sọ fún mi bí àwọn mẹ́rin yẹn ṣe máa ń mu tíì. Ẹ má fo ohunkóhun."

"Kí ló wà nínú mímu tíì? Láago mẹ́wàá, wọ́n á mu ife kọ̀ọ̀kan lórí ìdúró, wọ́n á ní àwọn ń lọ wo fáànù. Bí wọ́n bá dé, wọ́n á fi tíì yọ ẹnu, wọ́n á tu ú sínú koríko. Wọ́n á wá mu méje, mẹ́jọ sí i. Ọ̀sán náà, bẹ́ẹ̀ ni."

"Kí ni fáànù náà wà fún?"

"Ìwọ kì í ṣe ọmọ oko rárá. Fáànù orí òpó nì, wọ́n wà nítorí ìrì dídì. Bí ewé tuntun bá yọ, tí ìrì dídì bá bọ́ sórí ẹ̀, ó tán. Fáànù ló ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná sísàlẹ̀ sórí ewé."

"Nígbà wo ni ìrì dídì máa ń bọ́?"

"Oṣù kẹta, oṣù kẹrin. Títí di báyìí, lóṣù karùn-ún. Tí oṣù karùn-ún bá parí, wọ́n á pa iná rẹ̀."

"Àwọn mẹ́rin yẹn máa ń lọ wò ó lóṣù keje?"

"Ojoojúmọ́ ni. Oṣù keje, oṣù kẹjọ, nígbà tí òógùn..."

Ewébẹ̀ tó wà lọ́wọ́ arúgbó náà ń kán omi sórí ẹsẹ̀ rẹ̀, kò sì mọ̀.

"Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n," ó wí nígbẹ̀yìn. "Mò ń wò wọ́n lójú tí wọ́n ń lọ lé ìrì dídì nínú oòrùn. Orí mi dà?"

Òpó fáànù tó jìnnà jù lọ wà lórí góńgó òkè, níbi tí atẹ́gùn kì í ti dá. Àpótí irin kan wà nídìí rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń tan iná. Narita ṣí i. Ẹ̀wù òjò àtijọ́ kan wà nínú rẹ̀, irú èyí tí èèyàn lè gbé wọ̀ sórí aṣọ mìíràn. Abẹ́ ẹ̀wù náà ni agolo ńlá kan wà, àjókù sìgá sì kún un dé ẹnu.

"Háà, sìgá rèé o," Narita wí. Ó mú ọ̀kan nínú èyí tó wà lókè, ó fi ìka tẹ̀ ẹ́. "Tomie, èyí ṣì rọ̀. Kò tíì di ọjọ́ kejì tí wọ́n mu ún."

"Ó dá ẹ lójú?"

"Bóyá ohun kan ṣoṣo tí mo mọ̀ láyé nìyí."

"Masuda ti kú. Oishi wà lórí ibùsùn. Nagakura kò tíì lè gun òkè." Tomie wo ìsàlẹ̀, níbi tí òrùlé ilé iṣẹ́ ti ń dán láàárín àwọn poro ewé. Ohun gbogbo ti ń to ara wọn ní ọkàn rẹ̀. Wọ́n ń gba orí òkè kí atẹ́gùn lè gbé èéfín lọ. Wọ́n ń wọ ẹ̀wù òjò kí òórùn má bàa mú aṣọ. Ẹnu ló kù, tíì ni wọ́n sì ń fi fọ ọ́. Bí èèyàn bá ṣe ń mu sìgá sí, bẹ́ẹ̀ ló ń mu tíì sí. Ìyẹn ni ìṣirò fọ́ọ̀mù náà ṣe dà bí òótọ́. Ẹni tó ń lọ síbi iná ló ń gbé omi dání, wọ́n wá mú omi, wọ́n ní òun ló jó ilé.

"A ó dúró," ó wí.

Láago mẹ́ta kọjá díẹ̀, Sugiyama gòkè wá. Ó rí agolo náà nílẹ̀ níwájú Tomie. Kò sá. Ó jókòó sórí koríko.

"Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin," ó wí.

"Rárá."

"Bàbá mi ló kọ pákó tó wà lára ògiri yẹn. Mo ti ń mu ún kó tó kọ ọ́." Ó wo ọwọ́ rẹ̀. "Ọdún mẹ́tàlélógójì."

"Ta ló kọ́ àwọn mẹ́ta yòókù bí wọ́n ṣe ń fi tíì fọ ẹnu?"

"Èmi ni. Masuda fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí kò lè jáwọ́. Ó mọ ewé yan. Mo ní kó má lọ, pé ọ̀nà wà."

"Ṣé ìtọ̀ yín mọ́?"

"Ìbéèrè ọlọ́pàá nìyẹn?"

"Rárá. Mo kàn fẹ́ mọ̀ ni."

Sugiyama yí ojú sí ọ̀nà ibòmíràn. "Ẹ fún mi ní ọ̀sẹ̀ méjì. Kí ewé àkọ́já wọlé tán. Bí wọ́n bá lé mi lónìí, kò sí ẹni tó máa yan án."

"Ọ̀la ni wọ́n ń ṣèpàdé lórí Màmá Hisano."

"Mo mọ̀."

"Màá sọ ohun tí mo rí. Mi ò ní sọ orúkọ ẹnikẹ́ni, torí kò sí òfin tí ẹ rú. Ṣùgbọ́n ẹ mọ ohun tí wọ́n máa sọ: wọ́n á ní àwọn alágbàṣe tó wá láti òde ló da sìgá síbẹ̀. Ẹ̀yin nìkan lẹ lè sọ ọ́ kí wọ́n gbà."

Tomie dìde, ó gbọn koríko kúrò lára aṣọ rẹ̀. Sugiyama kò dìde.

*

Àwọn tó wá sípàdé kún gbọ̀ngàn, bàtà wọn sì tò lẹ́nu ọ̀nà títí dé òde. Màmá Hisano jókòó lẹ́yìn pátápátá, ó wọ aṣọ dúdú bí ẹni tó lọ síbi òkú. Kò sí ẹni tó jókòó tì í. Iwasaki, alága ẹgbẹ́, pe Tomie pé kó sọ̀rọ̀.

Tomie sọ nípa kẹ́tùlù kan tí àwọn obìnrin mọ́kànlá ń mu tí nǹkan ò ṣe wọ́n. Ó sọ nípa ọkùnrin tó ń mu ife kan nílé. Ó sọ nípa fáànù lóṣù keje. Ó gbé agolo náà kalẹ̀, ó sì ṣí i. Òórùn rẹ̀ gba inú gbọ̀ngàn, àwọn tó wà níwájú sì fi ọwọ́ bo imú.

"Àwọn alágbàṣe ni," ẹnì kan wí.

"Lọ́dọọdún la ń kìlọ̀ fún wọn," ẹlòmíràn wí.

Iwasaki tẹ orí ba fún Tomie. "Arábìnrin, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn mẹ́ta náà ti fọwọ́ ara wọn kọ ọ́ pé àwọn kò mu sìgá. A ò lè pe òkú ní òpùrọ́. Ẹni tó bá fẹ́ kí Màmá Hisano sinmi, kó nawọ́."

Ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Kò yára, ṣùgbọ́n kò dúró. Ọwọ́ Fumi gòkè dé àárín, lẹ́yìn náà ó gòkè tán. Màmá Hisano ń wo ẹní tó wà níwájú orúnkún rẹ̀.

"Ẹ má kà á," Sugiyama wí.

Ó ti dìde. Ó yọ páálí sìgá kan kúrò nínú àpò rẹ̀, ó fi sórí tábìlì níwájú alága.

"Tèmi ni. Èyí tó pọ̀ jù nínú agolo yẹn, tèmi ni. Ti Oishi náà wà níbẹ̀, àti ti Nagakura, àti ti Masuda. Èmi ni mo kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa fi pamọ́. Tíì Hisano la fi ń bo àṣírí wa. Mo jókòó síbí, mo ń wò yín bí ẹ ṣe ń nawọ́, mo sì fẹ́ dákẹ́."

"Ọ̀gá Sugiyama," Iwasaki wí.

"Irọ́ ni," ọkùnrin kan wí lẹ́yìn. "Ẹ ṣáà fẹ́ gba arúgbó yẹn sílẹ̀ ni. Masuda kò mu sìgá."

"Ó ń mu ún." Kiyoe ló sọ̀rọ̀. Kò gbé orí sókè. "Èmi ni mo ń fọ ṣòkòtò rẹ̀. Mo máa ń rí tábà wẹ́wẹ́ ní ìsàlẹ̀ àpò. Mi ò bi í rí. Bí mo bá bi í, á ní láti fi iṣẹ́ sílẹ̀." Ó fi etí aṣọ nu imú. "Bó bá jẹ́ tíì ló pa á, mi ò mọ nǹkan kan. Bó bá jẹ́ sìgá ni, mo mọ̀, mo sì dákẹ́. Ohun tó jẹ́ kí n mú òòlù nìyẹn."

Iwasaki tún béèrè pé ta ló fẹ́ kí Màmá Hisano sinmi. Kò sí ọwọ́ kankan. Fumi ti fi ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sáàárín itan, ó ń sunkún láìpariwo.

Gbogbo ojú yí sí arúgbó náà. Wọ́n rò pé á sọ̀rọ̀ sí wọn, bóyá á bú wọn, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n Sugiyama ló ń wò.

"Ìgbà wo lo kọ́kọ́ rí i?" ó béèrè.

"Rí kí ni, Màmá?"

"Ẹ̀jẹ̀ tó wà nínú ìtọ̀ rẹ. Má fọgbọ́n bá mi sọ̀rọ̀. Mo rí ojú Masuda nígbà tó bẹ̀rẹ̀, irú ojú tó wà lórí rẹ nìyẹn."

"Oṣù kejì."

"Oṣù mẹ́ta." Arúgbó náà fi ọwọ́ ti ilẹ̀, ó dìde, ó rìn gba àárín wọn lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wá bàtà rẹ̀ láàárín bàtà àwọn èèyàn. "Narita, lọ gbé ọkọ̀ wá. Dókítà kò tíì ti ilẹ̀kùn."

"Màmá, ewé ọ̀la ńkọ́?" Iwasaki béèrè. "Ta ló máa yan án?"

"Ìwọ. Ẹ jọ dàgbà nínú ilé yẹn ni. Bó bá jóná, a ó mu èyí tó jóná."

Sugiyama jáde tẹ̀lé e láìwọ bàtà. "Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu, Màmá. Màá lọ fúnra mi."

"Ta ló wà nílé rẹ tó máa jókòó tì ọ́?"

Kò sí ẹnì kankan nílé rẹ̀, gbogbo abúlé ló sì mọ̀. Narita ti gbé ọkọ̀ dé, Tomie sì ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Màmá Hisano kọ́kọ́ wọlé, ó sún títí dé ojú fèrèsé, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ gbá àga tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọkùnrin náà dúró nínú oòrùn ìrọ̀lẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó tẹ orí ba, ó sì wọlé.